Ajẹ́ntì Ìrìnàjò: Ta Ló Yẹ Ká Gbà, Ta Ló Yẹ Ká Sá Fún?

Ẹni tó bá gba Akpakpava láti Ring Road, tó sọ̀ kalẹ̀ ní Ikpoba Slope, tó kọjá afárá odò Ikpoba, tó sì ń gun òkè lọ sí Ramat Park, á rí i pé ìrìnàjò ni Ikpoba Hill fi ń jẹun. Mọ́tò Agbor, mọ́tò Asaba, mọ́tò Onitsha, gbogbo wọn ló ń pe èrò. Bí ẹ bá sì gbójú sókè kúrò lára mọ́tò, pátákó “Travels and Tours” pọ̀ lójú títì ìlú Bìní: tíkẹ́ẹ̀tì, físà, hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun, Jerúsálẹ́mù, Mẹ́kà, gbogbo rẹ̀ lórí pátákó kan ṣoṣo.

Ìbéèrè tí mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ máa ń bi ara wọn bí ìrìnàjò bá ti ń sún mọ́lé ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò: ṣé ká gba ajẹ́ntì ni, àbí ká fi fóònù wa ṣe é fúnra wa? Àwọn èèyàn wa ní London àti Houston náà ń béèrè rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ni wọ́n fẹ́ wọ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀rọ̀ owó àti ìrọ̀rùn ni. Ní Bìní, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá a lóhùn. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ajẹ́ntì dára níbi tí ẹ̀yin fúnra yín bá ti lè yẹ iṣẹ́ tó ṣe wò láìjẹ́ pé òun wà níbẹ̀. Ibi tó bá ti ní kí ẹ kàn gba òun gbọ́, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ń lọ kàwé nílùú ọba, ojú omi ni wọ́n gbà. Ọkọ̀ Elder Dempster ló ń kó wọn. Èyí tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà ni Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, tó ń ná Liverpool sí Apapa, tó sì ń yà ní Freetown, títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 tí bàálù gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣiyèméjì nígbà náà bóyá kí òun gba aṣojú tàbí kí òun má gbà. Ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tàbí ọ̀dọ̀ aṣojú rẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì wà, ibẹ̀ náà ni gbogbo èèyàn ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí bàálù gbòde. Ní 1976, nígbà tí owó epo ń wọlé wìtìwìtì, àwọn ajẹ́ntì ilẹ̀ wa dá ẹgbẹ́ wọn NANTA sílẹ̀. Nígbà tó yá tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn ètò tó ń fi ìjókòó tó ṣófo hàn, bí Amadeus, Sabre àti Galileo, ọwọ́ ajẹ́ntì ni wọ́n wà, kò sí lọ́wọ́ èrò. Ilé iṣẹ́ bàálù ló sì ń sanwó iṣẹ́ fún ajẹ́ntì, inú owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ti ń yọ ọ́.

Amẹ́ríkà ni ìyẹn ti kọ́kọ́ yí padà. Ní oṣù Èrèlé 1995, Delta sọ pé òun kò ní san ju $50 lọ fún ajẹ́ntì lórí tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ láàárín Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 2002, ó dá owó náà dúró, àwọn ilé iṣẹ́ bàálù ńláńlá ibẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Íntánẹ́ẹ̀tì ti dé nígbà yẹn, ìjókòó tó ṣẹ́ kù nínú bàálù kò sì jẹ́ àṣírí mọ́. Lónìí, púpọ̀ nínú èrè ajẹ́ntì lórí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù jẹ́ owó iṣẹ́ tó fi lé orí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ lòógùn ìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé èló ni tíkẹ́ẹ̀tì, èló sì ni owó iṣẹ́. Ajẹ́ntì tí inú bá bí sí ìbéèrè yẹn ti fi ara rẹ̀ hàn.

Kí ló wá dé tí ṣọ́ọ̀bù wọn ṣì ń rí oníbàárà ní Ìlú Bìní? Náírà ni ìdáhùn tó tóbi jù. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2022, àwọn báǹkì kan dín iye tí èèyàn lè fi káàdì náírà ná ní òkè òkun kù sí $20 lóṣù. Kí ọdún yẹn tó parí, òmíràn nínú wọn ti dá a dúró pátápátá. Ó di 2025 kí àwọn báǹkì tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ẹ fojú inú wo oníṣòwò kan ní Oregbeni tí owó rẹ̀ pé ní báǹkì, tó rí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ tí káàdì rẹ̀ ń kọ̀. Ajẹ́ntì ló máa gba náírà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2022 kan náà yẹn ni owó àwọn ilé iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ òkèèrè há sí Nàìjíríà, tí Emirates kó ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, kò sì padà wá sí Èkó títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà 2024. Lásìkò bẹ́ẹ̀, ajẹ́ntì tó mọ ọ̀nà mìíràn gba Addis Ababa tàbí Kigali wúlò gidigidi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìwé tí ajẹ́ntì máa ń fi lé oníbàárà lọ́wọ́. Orúkọ yín á wà lórí rẹ̀, ọjọ́ á wà níbẹ̀, wákàtí á wà níbẹ̀, ìlú tí bàálù á ti gbéra náà á wà níbẹ̀. Ní ibì kan lókè rẹ̀, ẹ ó rí àmì mẹ́fà tí wọ́n fi lẹ́tà àti nọ́ńbà pa pọ̀. Èyí ni ilé iṣẹ́ bàálù fi ń dá ìjókòó tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún yín mọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rí i, wọ́n á kà á tán, wọ́n á sanwó, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Àmì mẹ́fà yẹn kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì o! Ajẹ́ntì lè gba ìjókòó sílẹ̀ láìtíì san kọ́bọ̀. Ilé iṣẹ́ bàálù á bá a tọ́jú rẹ̀ fún ìwọ̀nba àkókò, bóyá ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí owó kò bá dé, wọ́n á tú u sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ìwé á sì wà lọ́wọ́ yín bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ní nọ́ńbà 13. Mẹ́ta tó ṣáájú jẹ́ ti ilé iṣẹ́ bàálù: 071 ni ti Ethiopian, 125 ni ti British Airways, 176 ni ti Emirates. Bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà 13 yẹn, ẹ kò tíì ní tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá sì rí i, ẹ má tíì jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣí ojúlé ilé iṣẹ́ bàálù náà fúnra rẹ̀ lórí fóònù yín, kì í ṣe ti ajẹ́ntì, ẹ tẹ àmì mẹ́fà náà àti orúkọ ìdílé yín sí i, kí ẹ sì wò ó bóyá ìrìnàjò yín á jáde. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé ajẹ́ntì lè fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tó jáde gan-an. Ẹ wo orúkọ yín dáadáa pẹ̀lú. Àwa Yorùbá mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí: orúkọ àbísọ di orúkọ ìdílé, obìnrin tó lọ́kọ ní orúkọ méjì, Adébáyọ̀ nínú páásípọ́ọ̀tù di Bayo lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Orúkọ tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù ló gbọ́dọ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà kan kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Títún un ṣe ní pápákọ̀ lè jẹ owó tàbí kó jẹ ìrìnàjò náà pàápàá.

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn kì í sáábà béèrè títí ọ̀ràn á fi dé ni pé ta ni owó máa padà sí lọ́wọ́ bí ìrìnàjò bá bàjẹ́. Ibi tí owó ti wá ni ilé iṣẹ́ bàálù máa ń dá a padà sí. Bó bá jẹ́ pé àpò ajẹ́ntì ló ti jáde, àpò ajẹ́ntì ni yóò padà sí, ẹ̀yin á sì máa lọ, ẹ ó máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, tí bàálù dúró káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ èyí lára. Àwọn kan máa ń fọkàn balẹ̀ nítorí pé ajẹ́ntì wọn ní ìwé àṣẹ IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ bàálù àgbáyé. Ó dára kó ní in, ó fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ lásán, ẹ sì lè yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò. Àmọ́ owó ìdúró tí IATA ń gbà lọ́wọ́ ajẹ́ntì, ilé iṣẹ́ bàálù ló ń dáàbò bò. Kì í ṣe èrò. Ohun tó ń dáàbò bo èrò ni rìsíìtì tó ní orúkọ ilé iṣẹ́, owó tí ẹ san sínú àkáǹtì ilé iṣẹ́ tí kì í ṣe àkáǹtì ẹnì kan, àti orúkọ ilé iṣẹ́ náà nínú ìwé àwọn Corporate Affairs Commission, tí ẹnikẹ́ni lè wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá di ìjà, àjọ FCCPC wà lábẹ́ òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019 láti gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ẹ kò lè gbé ẹjọ́ lọ síbẹ̀ láìsí ìwé lọ́wọ́.

Ní ti físà, mo yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo gbà pé kí èèyàn kọ fọ́ọ̀mù físà rẹ̀ fúnra rẹ̀, kódà bó bá gba ọ̀sẹ̀ kan. Kó wá ẹni tó mọ̀wé jókòó tì í bí èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò bá já gaara, kó sanwó fún ẹni náà bó bá yẹ, ṣùgbọ́n kó mọ gbogbo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìdí ni pé ẹni tó ni orúkọ ló ni ẹ̀ṣẹ̀. Bí ajẹ́ntì bá fi ìwé báǹkì ayédèrú sí i, tó sì hàn sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 10 ni wọ́n lè fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó béèrè físà. Ti Amẹ́ríkà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ físà lè di ìdènà títí ayé. Ajẹ́ntì á ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní tiẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ pé òun mọ èèyàn ní ẹ́ńbásì, pé físà dájú, irọ́ ló ń pa. Iye tí wọ́n ń gbà fún físà kò pamọ́: físà Schengen di €90 ní oṣù Òkúdù 2024. Páásípọ́ọ̀tù wa náà di ₦100,000 fún olójú ewé 32 àti ₦200,000 fún olójú ewé 64 ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2025. Ohun tí ajẹ́ntì bá gbà lé ìyẹn, tirẹ̀ ni.

Mo ti sọ pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀ ní Bìní. Láti àwọn ọdún 1980 tí ọrọ̀ ajé ti bẹ̀rẹ̀ sí í le ni àwọn obìnrin láti Ẹdó ti ń lọ Ítálì. Ọjà ni àwọn kan lọ rà, iṣẹ́ oko tòmátì ni àwọn mìíràn lọ ṣe. Nígbà tó yá, ọ̀nà yẹn di ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó ọmọbìnrin lọ ṣe aṣẹ́wó. Ẹni tó ń kó wọn lọ, trọ́lì ni wọ́n ń pè é nígboro, ṣùgbọ́n lójú òbí ọmọ, ajẹ́ntì lòun náà. Kì í gba owó ńlá lójú ẹsẹ̀. Á ní kí ọmọ dé ọ̀hún ná, kó ṣiṣẹ́, kó sì san án. Gbèsè yẹn lè tó €30,000 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ tí kò rí yúrò rí kò sì mọ bó ṣe pọ̀ tó. Wọ́n á mú un lọ sójúbọ láti búra pé òun kò ní sá, pé òun kò ní sọ. Ayélála, òrìṣà tí àwọn ará Ìlàjẹ mọ̀ dáadáa, wà lára àwọn tí wọ́n ń fi í búra níwájú rẹ̀ ní Bìní.

Nígbà tí bàálù di ohun tí apá kò ká mọ́, ọ̀nà ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbà: Kano, Agadez, aṣálẹ̀ títí dé Sabha, kí wọ́n tó dé etí òkun Líbíà. Ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀, lapalapa ni àwọn ọmọ Bìní ń pè é. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Bélú 2017, wọ́n gbé òkú obìnrin àti ọmọbìnrin 26 dé Salerno ní Ítálì. Wọ́n gbà pé ọmọ Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Oṣù yẹn kan náà ni fídíò ibi tí wọ́n ti ń ta èèyàn bí ẹrú ní Líbíà tàn ká ayé. Mi ò lè kọ àgbéyẹ̀wò lórí ajẹ́ntì ní ìlú yìí kí n fi èyí sílẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni tó gba àwọn ọmọ yẹn lọ́wọ́ òbí wọn ṣe ìlérí ìrìnàjò, òbí sì gbà á gbọ́.

Ìjọba kò sùn pátápátá. Àjọ NAPTIP, tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò, ti wà láti 2003. Òfin ìwọ̀lú ti 2015 sọ fífi ọ̀nà ẹ̀yìn kó èèyàn ré kọjá ààlà di ọ̀ràn. Ní 2017, Gómìnà Godwin Obaseki dá ìgbìmọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà sílẹ̀ ní Ẹdó, ìpínlẹ̀ náà sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 2018. Ṣùgbọ́n ohun tó mì ìlú jù ni ti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ẹrẹ́nà 2018, nígbà tí Ọba Ewuare Kejì pe àwọn abọrẹ̀ jọ sí ààfin, tó tú gbogbo ìbúra tí wọ́n ti fi de àwọn ọmọbìnrin náà, tó sì fi àwọn tó ń kó èèyàn ṣòwò gégùn-ún. Ọba tó ti ṣe aṣojú Nàìjíríà ní Ítálì kí ó tó gorí ìtẹ́ ni. Ó ti mọ ohun tó ń sọ.

Ajẹ́ntì tó bá gba páásípọ́ọ̀tù yín tí kò fẹ́ dá a padà, tó ní ìgbà tí ẹ bá débẹ̀ lẹ ó máa sanwó, tó ní iṣẹ́ ń dúró de ọmọ yín ṣùgbọ́n tí kò lè dárúkọ ibi iṣẹ́, tó ní kí ọmọ má sọ fún ẹnikẹ́ni, tàbí tó dárúkọ ìbúra kankan, kì í ṣe iye owó rẹ̀ la fẹ́ jíròrò mọ́. Ọ̀dọ̀ NAPTIP ló yẹ kí ẹ gbà lọ.

Ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fara mọ́ ajẹ́ntì jù, ó sì lè ya àwọn kan lẹ́nu. Àwọn ọmọ wa ní Houston ń wọ̀ ọ́ ní Galveston, àwọn ti London ń wọ̀ ọ́ ní Southampton, òmíràn á sì pe ìyá rẹ̀ láti Bìní kí wọ́n jọ lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yìí ṣì ń san owó iṣẹ́ fún ajẹ́ntì, nítorí náà iye tí ẹ máa san lọ́dọ̀ ajẹ́ntì àti lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan náà. Ajẹ́ntì tó mọṣẹ́ sì mọ yàrá tó wà lábẹ́ ibi ijó, èyí tí ariwo kò ní jẹ́ kí ìyá àgbà sùn. Ibi tó kù sí ni pé tí ẹ bá ti gba ọwọ́ ajẹ́ntì, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í sáábà gbà láti bá yín yí nǹkan padà tààrà. Ajẹ́ntì náà lẹ gbọ́dọ̀ wá. Bó bá jẹ́ ẹni tí kì í gbé fóònù, ìyà jẹ yín nìyẹn.

Ohun tó ń ba ìrìnàjò ọkọ̀ ojú omi jẹ́ fún ẹni tó mú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání ni físà. Ọkọ̀ tó gbéra ní Barcelona, tó lọ yà ní Tunis, tó sì padà sí Ítálì ti jáde kúrò ní Schengen, ó sì tún ti padà wọ inú rẹ̀. Físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan kò gba ìyẹn. Ní oṣù Agẹmọ 2025 ni Amẹ́ríkà sì sọ ọ̀pọ̀ físà tó ń fún àwa ọmọ Nàìjíríà di ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, nítorí náà ẹni tó fẹ́ bá ọkọ̀ jáde láti Galveston gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa padà wọlé kó tó sanwó. Orí èrò ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń gbé ẹrù ìwé ìrìnnà lé. Bí ìwé kò bá pé, wọ́n á fi yín sílẹ̀ ní èbúté, owó á sì lọ. Ẹ bi ajẹ́ntì irú físà tí ìrìnàjò náà gbà kó tó dárúkọ iye owó. Èyí tó bá dáhùn láìbéèrè irú páásípọ́ọ̀tù tí ẹ mú dání, kò mọṣẹ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí bàálù bá wà nínú ohun tí wọ́n tà fún yín, ẹ béèrè nọ́ńbà ATOL, ààbò tó wà fún èrò bí ilé iṣẹ́ ìrìnàjò bá wó. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìrìnàjò Thomas Cook wó lulẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2019, nǹkan bí 150,000 èèyàn ló wà lókè òkun tó di dandan kí wọ́n kó padà sílé. Ti Hájì kò le láti dáhùn: láti Nàìjíríà, ẹ kò lè dá a ṣe. Ẹ ó gba ọwọ́ àjọ arìnrìn-àjò ìpínlẹ̀ yín tàbí ilé iṣẹ́ tí NAHCON, àjọ tó ń rí sí Hájì, fún ní ìwé àṣẹ, kí ẹ sì rí orúkọ ilé iṣẹ́ náà nínú ìwé NAHCON ti ọdún yẹn, kì í ṣe ti èṣí.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ Lagos tàbí Abuja láti pápákọ̀ Bìní lẹ ń lọ, ẹ rà á fúnra yín. Náírà ni, káàdì yín á gbà á. Bó bá jẹ́ ìrìnàjò tó gba ìlú mẹ́ta kọjá, tàbí ẹbí mẹ́jọ tó fẹ́ jókòó pọ̀, tàbí ọkọ̀ ojú omi, ẹ gba ajẹ́ntì, kí ẹ sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Físà, ọwọ́ yín ni kó ti jáde.

Mo sì bẹ ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin ìmáàmù àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Ikpoba Hill àti Ìlú Bìní lápapọ̀: àwọn èèyàn ń mú ìwé ajẹ́ntì wá fún yín kí ẹ gbàdúrà sí i. Ẹ gbàdúrà sí i. Kí ẹ tó ṣe àmín, ẹ ní kí ẹni náà fi nọ́ńbà 13 ti tíkẹ́ẹ̀tì hàn yín, kó sì sọ orúkọ ibi iṣẹ́ tó ń lọ.